Ẹ Bi Wá: Èèkù Àrà Ọ̀tọ̀ Lára Àwọn Ọ̀bẹ Iléeṣẹ́ Àtijọ́

Lẹ́tà tó wọlé lórí kíkó ọ̀bẹ àtijọ́ jọ ti pọ̀ débi pé a ní láti fi gbogbo abala yìí sílẹ̀ fún un. Ọ̀bẹ tí kò ṣeé ká ni a ń sọ, èyí tí irin rẹ̀ dúró gbọn-in sínú èèkù, tí iléeṣẹ́ sì fi ẹ̀rọ ṣe láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó bá ka àwọn lẹ́tà náà tán yóò rí i pé èèkù ló ń da ọ̀pọ̀ òǹkàwé láàmú ju irin lọ. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé irin àwọn ọ̀bẹ wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n èèkù wọn lè jẹ́ awọ, ìwo, egungun, eyín erin, rọ́bà líle, ike ayé àtijọ́, èèpo igi tàbí ẹsẹ̀ ẹranko pàápàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ọ̀nà tó ń gbà darúgbó. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe èèkù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní mọ iye tó yẹ kó san lé e, kò ní mọ bó ṣe yẹ kó nù ún, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tí kò ní rí irú rẹ̀ mọ́ jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo ra ọ̀bẹ ìṣọdẹ kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ awọ róbótó-róbótó tí wọ́n tò léra, tí ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ìwo àgbọ̀nrín. Òǹtẹ̀ ara irin rẹ̀ kà báyìí: MARBLE'S, GLADSTONE, MICH. U.S.A., PAT'D 1916. Ẹni tó tà á fún mi ń búra pé ọdún 1916 gan-an ni wọ́n ṣe é. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ọdún tí iléeṣẹ́ náà gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé àwọn ló ni àrà náà, ni wọ́n tẹ̀ sára irin yẹn. Irú ọ̀bẹ yìí ni wọ́n ń pè ní Woodcraft, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń tẹ 1916 sára rẹ̀ láìyí i padà. Ohun tí òǹtẹ̀ náà lè fi dá yín lójú kò ju pé wọn kò ṣe ọ̀bẹ náà ṣáájú ọdún yẹn.

Webster Marble ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Gladstone, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní 1898. Marble Safety Axe Company ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí M.S.A. Co. lára àwọn ọ̀bẹ wọn tó pẹ́ jù, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Ideal. Ní 1911 ni wọ́n di Marble Arms & Manufacturing Company. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi orúkọ nìkan dá ọjọ́ orí ọ̀bẹ, nítorí pé iléeṣẹ́ kì í sábà da irin òǹtẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù lọ́jọ́ tó bá yí orúkọ padà.

Irú ààlà báyìí wà fún àwọn ọ̀bẹ mìíràn náà, mo sì fẹ́ kí gbogbo olùkójọ há wọn sórí. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà pátẹ́ǹtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà lára ọ̀bẹ, ẹ rántí pé ọdún 1911 ni kíkà wọn dé 1,000,000, tí ó sì dé 2,000,000 ní 1935. Nọ́ńbà tó bá wà láàárín méjèèjì ti sọ fún yín pé ọ̀bẹ náà kò lè ṣáájú 1911. Iléeṣẹ́ Remington tí a mọ̀ mọ́ ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ ní 1920, ó sì jáwọ́ ní 1940, nítorí náà ogún ọdún péré ni ọ̀bẹ wọn ìgbà yẹn lè ti wá. Ní ti ọ̀bẹ Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ti Solingen, ní ilẹ̀ Jámánì, òfin owó orí ọjà tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890 pa á láṣẹ pé láti oṣù kẹta 1891, ọjà ilẹ̀ òkèèrè tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ gbé orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ọ̀bẹ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ní ENGLAND tàbí GERMANY sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn òfin yẹn. Èyí tí kò ní in lè ṣáájú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọjà ibòmíràn ni wọ́n ṣe é fún.

Lẹ́yìn òǹtẹ̀, ẹ wá bi èèkù léèrè. Lára àwọn Woodcraft, èyí tí ìdí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo sábà máa ń ṣáájú èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, nítorí náà tiyín lè pẹ́ dáadáa. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo àwọn awọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ló gé wọn, tó sì dá ihò sí àárín wọn bí wọ́ṣà. Wọ́n kì wọ́n bọ ìrù irin náà, ìyẹn apá irin tó wọ inú èèkù, wọ́n fún wọn pọ̀ gírígírí, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é ní ìdí, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí òkúta ìlọ̀ kó tó gba ìrísí ọwọ́. Nítorí pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lọ awọ, ìwo àti irin ìdènà (irin tó wà láàárín èèkù àti ojú ọ̀bẹ) pọ̀, ìka yín kò gbọdọ̀ kọsẹ̀ ní oríta wọn. Bí ìwo bá yọ jáde ju awọ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó sì wọlé sí i ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹnì kan ti pààrọ̀ ọ̀kan nínú méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀bẹ mi kan ní èèkù aláràbarà tó ń dán bí ìkarahun òkun. Tẹ́lẹ̀, òórùn kàfúrà ló máa ń rùn nígbà tí mo bá fi ọwọ́ ra á. Láìpẹ́ yìí òórùn náà yí padà, ó ń ta sí imú, èèkù náà sì ń làágùn. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé àwọn ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ ti dógùn-ún, apá tó kọjú sí i nìkan ni. Kí ló fà á, kí ni kí n sì fi fọ̀ ọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ náà kúrò láàárín àwọn yòókù kí ẹ tó ka ohun tó kù. Sẹ́lúlọ́ìdì ni èèkù rẹ̀, ó sì ti ń jẹrà. Kò sí ohun tí ẹ lè fi fọ̀ ọ́ tí yóò dá a padà.

Ọ̀kan lára àwọn ike àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn ṣe tó sì rí ọjà tà káàkiri ni sẹ́lúlọ́ìdì. John Wesley Hyatt, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní 1870, lẹ́yìn tó ti ń wá ohun tí wọ́n lè lò dípò eyín erin fún bọ́ọ̀lù eré billiard. Òwú tí wọ́n fi ásíìdì nitric tún ṣe ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kàfúrà gidi ni wọ́n sì fi ń mú un rọ̀ kó tó ṣeé tẹ̀. Ẹ lè rí ìdí tí àwọn iléeṣẹ́ ọ̀bẹ fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀: ó gba àwọ̀ yòówù tí wọ́n bá fẹ́, ó lè fara wé eyín erin, ìwo, ìkarahun òkun tàbí ti ìjàpá òkun, omi kò sì tètè ràn án. Àwọn tó ṣe é kò rò ó pé ẹnikẹ́ni yóò tọ́jú ọ̀bẹ náà fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, kàfúrà inú rẹ̀ ń fò lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù sì ń tú ká. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ a máa dara pọ̀ mọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, a sì di ásíìdì. Ásíìdì yìí ló jẹ àwọn ọ̀bẹ yín yòókù. Òun ló ń sọ ìṣó idẹ di aláwọ̀ ewé. Òun kan náà ló sì ń padà wá jẹ èèkù tó bí i, tó fi jẹ́ pé bí ìjẹrà náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣe ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àpótí tí a dé pinpin ló burú jù fún un, nítorí pé gáàsì náà kò rí ibi gbà jáde.

Ẹni tó bá ní irú èèkù yìí gbọ́dọ̀ mọ àmì rẹ̀ láti kékeré. Ẹ fi awò amúǹkantóbi wo ẹ̀bá àwọn ìṣó. Bí ẹ bá rí òrùka aláwọ̀ ewé tín-ín-rín yí ìṣó kan ká, tàbí tí ibi tó ń dán tẹ́lẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀, ìjẹrà ti wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó gbé ọ̀bẹ náà dání lásán kò lè rí i. Lẹ́yìn èyí ni òórùn tó ń ta sí imú, lẹ́yìn náà òógùn, lẹ́yìn náà sísán wẹ́wẹ́ láti inú wá, títí èèkù yóò fi máa rún. Sẹ́lúlọ́ìdì tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá ló sábà máa ń tètè lọ. Èyí tó ṣe funfun bí eyín erin máa ń pẹ́ jù ú lọ díẹ̀, nítorí pé zinc oxide tí wọ́n fi sọ ọ́ di funfun a máa bá ásíìdì náà jà.

Ibi tútù, tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ni kí ẹ máa gbé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ sí, kó sì dá wà. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nu òógùn náà kúrò, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ju aṣọ náà nù. Ẹ nu ìpẹtà ara àwọn ọ̀bẹ yòókù, kí ẹ fi epo ẹ̀rọ fẹ́ẹ́rẹ́ kùn wọ́n. Ẹ ya fọ́tò èèkù náà ní ìhà gbogbo, kí ẹ wọn gígùn, ìbú àti nínípọn rẹ̀, nítorí pé àkọsílẹ̀ yẹn lè pẹ́ ju èèkù fúnra rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti ń rún, èmi ni mo sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bá yín yọ ọ́ kúrò lára irin, kí irin àti èèkù máa gbé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn olùkójọ kan kò fara mọ́ èyí, wọ́n ní ọ̀bẹ tí kò pé kì í ṣe ọ̀bẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ papọ̀, ìrù irin tó wà nínú èèkù náà yóò jẹ tán níbi tí ojú kò tó, ẹ ó sì pàdánù méjèèjì.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù lórí èyí. Àwọn kan máa ń kọ́ni pé kí a fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún èèkù ike láti fi òórùn rẹ̀ mọ irú ohun tó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán an wò láéláé. Sẹ́lúlọ́ìdì ń gba iná kíákíá, iná rẹ̀ sì ṣòro pa. Ẹ fi àtàǹpàkò ra èèkù náà títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Kàfúrà yóò sọ ara rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èèkù ọ̀bẹ mi dúdú kirikiri nígbà tí mo rà á, ó sì ní iṣẹ́ ọnà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ní báyìí apá kan ti di àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ jọ ewé gbígbẹ. Ṣé kí n fi sáńpépà há a?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Rọ́bà líle ni, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ púpọ̀ sè títí tó fi le bí igi. Nelson Goodyear gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní 1851, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Charles, ti gba ti rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè ní 1844. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló yí àwọ̀ rẹ̀ padà: imí ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, àwọ̀ náà yóò burú sí i lójú ẹsẹ̀, èèkù náà sì lè lọ́. Bí ẹ bá há a, iṣẹ́ ọnà tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á yóò parẹ́. Ẹ gbé e kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó parí. Apá tí irin ìdènà ṣíji bò yóò ṣì dúdú, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti máa rí bó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Marble's náà fi rọ́bà líle ṣe èèkù àwọn ọ̀bẹ Ideal kan nígbà tí iléeṣẹ́ wọn ṣì kéré, àwọn olùkójọ sì ń du èyí tó ṣẹ́kù gidigidi.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fẹ́ ta ọ̀bẹ Sheffield kan fún mi, èèkù rẹ̀ funfun. Olùtà ní eyín erin ni. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀, ṣé òfin sì gbà mí láyè láti rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ìdí èèkù, níbi tí wọ́n ti gé e ní ìbú. Eyín erin ní ìlà tíńtìnnì tó tẹ̀ kọrọdọ, tí wọ́n ń gba ara wọn kọjá láti ọ̀tún àti láti òsì, tí wọ́n sì ń ṣe igun níbi tí wọ́n ti pàdé. Ìlà Schreger ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Lápá ìta eyín, igun ti erin tó wà láyé lónìí sábà máa ń fẹ̀ ju ìwọ̀n 115° lọ. Ti mammoth, erin onírun tó ti kú run, kì í tó 90°. Egungun kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ rárá: ihò kékeré dúdú tàbí ìlà kúkúrú dúdú ni ẹ ó rí, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba kọjá nígbà tí ẹranko náà wà láàyè. Ike tó ń fara wé eyín erin lè ní ìlà, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ yóò tò lọ gbọọrọ lọ́gbọọgba, bí ẹ bá sì wo ìdí rẹ̀ ẹ kò ní rí igun kankan.

Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ náà le, ó sì yẹ kó le, nítorí pé òwò eyín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa erin run. Àdéhùn àgbáyé CITES lórí òwò ẹranko tó wà nínú ewu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ní 1989 ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti gbé erin Áfíríkà sí ìpele tó le jù, ó sì gbéṣẹ́ ní 1990. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2016 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo òwò eyín erin Áfíríkà láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ dúró, àyàfi ohun àtijọ́ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún pẹ̀lú ẹ̀rí, àti àwọn ohun díẹ̀ mìíràn. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2018 gbéṣẹ́ ní 2022. Ó yọ̀ǹda ohun tó ti wà ṣáájú 1947, bí eyín erin inú rẹ̀ kò bá tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹni tó ni ín sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èèkù tó jẹ́ eyín erin látòkè délẹ̀ lè tètè kọjá ìwọ̀n yẹn. Bí olùtà kò bá ní ìwé kankan lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó máa gbé ọ̀bẹ rẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn kan náà ni mo ní lórí ìkarahun ìjàpá òkun.

ÌBÉÈRÈ: Awọ ara èèkù ọ̀bẹ mi ti sún kì, àlàfo wà láàárín wọn, wọ́n sì ń yí nígbà tí mo bá dì í mú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n rì í sínú epo mọ́jú kó lè wú padà.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ohun tó sọ. Epo yóò wọ awọ náà dénú, yóò sọ ọ́ di dúdú, yóò mú un rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, kò sì ní jáde mọ́. Ó lè wú fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan yóò padà sún kì, nígbà náà ekuru yóò ti lẹ̀ mọ́ ọn. Gbígbẹ ló fà á tó fi ń yí, nítorí náà ibi tí ọ̀bẹ ń gbé ni kí ẹ tún ṣe. Yàrá tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kì í lọ sókè-sódò, dára fún awọ, ó sì tún dára fún ìwo àti egungun. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ra á, kí ó jẹ́ ìda fẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù ń lò, díẹ̀ ní orí aṣọ, lójú rẹ̀ nìkan.

Bí idẹ bá wà láàárín àwọn awọ náà, ẹ ó máa rí ohun aláwọ̀ ewé tó rọ̀ bí ọ̀rá. Ọ̀rá inú awọ ló bá bàbà inú idẹ ṣe é. Ẹ fi igi tínínrín tó mú ṣónṣó họ ọ́ kúrò. Ẹ má fi irin họ ọ́, ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan sí i. Bí awọ náà bá ń yọ ìyẹ̀fun pupa sí yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ títọ́jú awọ àtijọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi rí ẹni náà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé inú àkọ̀ rẹ̀ ni kí ọ̀bẹ máa gbé?

ÌDÁHÙN: Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Lórí ọ̀bẹ àtijọ́, àkọ̀ ló ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Ohun tí wọ́n fi ṣe awọ náà lọ́jọ́ kìíní, pẹ̀lú ọ̀rinrin tó ń fà mọ́ra, yóò máa jẹ irin láìdáwọ́ dúró. Ẹ tọ́jú àkọ̀ náà dáadáa, nítorí pé ọ̀bẹ tó bá ní àkọ̀ tí wọ́n jọ jáde níyì púpọ̀ ju èyí tí kò ní lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni kí wọ́n máa gbé.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí ọ̀bẹ kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín gidi, tòun ti irun àti pátákò. Ṣé iléeṣẹ́ ló ń ṣe irú eléyìí lóòótọ́, ṣé ó sì yẹ kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Iléeṣẹ́ ló ń ṣe é. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Solingen, ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irin ọ̀bẹ láti ayé àtijọ́. Wọ́n ń tà á fún ọdẹ àti arìnrìn-àjò tó fẹ́ ohun ìrántí. Ìyẹn ni pé wọ́n pọ̀ níta, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí àjèjì ìrísí rẹ̀ mú yín san owó ohun tó ṣọ̀wọ́n. Mo fẹ́ràn wọn nítorí pé ẹranko náà ṣì hàn gedegbe nínú wọn. Kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ fi ìka ya irun rẹ̀ sí méjì ní ìsàlẹ̀ irin ìdènà, kí ẹ wò ó bóyá ekuru bí iyanrìn tàbí èèpo kòkòrò wà níbẹ̀, nítorí pé kòkòrò kan ṣoṣo tó ń jẹ irun lè tàn dé àwọn èèkù ìwo yín. Ọ̀nà tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù ń gbà ni pé wọ́n á fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù dì í pinpin, wọ́n á gbé e sínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n 20 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò sì ní tú ọ̀rá náà títí ara rẹ̀ yóò fi padà sí bó ṣe yẹ, kí omi má baà sẹ̀ sórí irin. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà, torí pé ayé àtijọ́ a máa lo arsenic, tó jẹ́ májèlé, láti fi pa kòkòrò lára awọ tó ní irun.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi èèpo igi ṣe èèkù ọ̀bẹ?

ÌDÁHÙN: Nítorí òtútù. Ní Finland, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, irin àti egungun máa ń jó ọwọ́ pẹ̀lú òtútù, ṣùgbọ́n èèpo igi birch kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀; omi kò sì mú kó yọ̀. Wọ́n ń gé èèpo náà pẹlẹbẹ, wọ́n ń tò ó sórí ìrù irin, wọ́n ń fún un pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe awọ. Ìlú Kauhava ló lókìkí jù fún irú ọ̀bẹ yìí tí wọ́n ń pè ní puukko. Ibẹ̀ ni Iisakki Järvenpää ti dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1879. Ẹ gbé ọ̀kan tó ti pẹ́ dání bí ẹ bá ráyè. Ọwọ́ àwọn tó ti lò ó yóò ti sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń dán, yóò sì fúyẹ́ débi tí ẹ kò ní retí. Lójú tèmi, nínú gbogbo èèkù tí a sọ lónìí, òun ló dára jù fún ọwọ́, owó rẹ̀ kò sì tíì ga bí iṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe tó.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni kí n ṣe máa fi nọ́ńbà sára àwọn ọ̀bẹ mi kí n má baà gbàgbé ibi tí mo ti rí wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má kọ ohunkóhun sára èèkù, ẹ má sì lẹ bébà aláte mọ́ ọn; gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò wọ inú ìwo àti awọ. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára páálí kékeré tí kò ní ásíìdì, kí ẹ fi òwú funfun so ó mọ́ ọrùn ọ̀bẹ. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ kọ òǹtẹ̀ náà lẹ́tà fún lẹ́tà, ohun tí wọ́n fi ṣe èèkù, ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tó sọ nípa rẹ̀, kí ẹ sì ya ohun tó sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ fúnra yín rí. Ẹ má ṣe lo rọ́bà ìdìpọ̀ láti fi di páálí náà mọ́ ọn, nítorí pé imí ọjọ́ inú rẹ̀ yóò fi ìlà dúdú sílẹ̀ lára idẹ àti fàdákà.